Tẹlifíṣọ̀n Tí A Rà Láti Fi Wá Ọmọ Ìyá Mi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí sùúrù tọkọtaya ṣe pọ̀ tó, ẹ ní kí wọ́n jọ lọ ra tẹlifíṣọ̀n. Mo ti sọ èyí fún àwọn ọmọ mi, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ojú wọn kò rí i ni. Títí di òní, bí mo bá rí pákó tí wọ́n kùn tó ń dán, inú á kọ́kọ́ bí mi ná kí n tó rántí ohun tó fà á.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí àwọn Faransé gbé ìjọba sílẹ̀ fún wa ni. Èmi àti ọkọ mi ní ilé ọtí kékeré kan létí títì tó lọ sí Parakou, ní Dassa-Zoumè níbí. Àwọn onímọ́tò máa ń dúró jẹun lọ́dọ̀ wa, wọ́n á sì mu ọtí tútù, nítorí a ní ẹ̀rọ iná kan tí à ń pè ní gúrúùpù, òun ló ń gbé fíríìjì wa. Ìyá mi ń gbé pẹ̀lú wa. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni orúnkún ìyá mi ti daṣẹ́ sílẹ̀. Kò lè gun òkè dé ilé bàbá mi mọ́, mo bá gbé e sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ ara mi.

Ọmọ méjì péré ló kù fún un. Èmi ni àgbà. Ọkùnrin ni èkejì, òun ló sì yẹ kó jókòó sípò bàbá wa. Ṣùgbọ́n òun àti bàbá wa jà, ìjà tí ẹnikẹ́ni kò là yé mi títí di òní, ló bá di ẹrù rẹ̀, ó gba ọ̀nà Nàìjíríà lọ. Kò kọ̀wé, kò ránṣẹ́. Bàbá kú, a wá a wá a, kò yọjú. Àwọn kan ní ó ti kú sí oko kòkó lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò rí òkú, wọn ò sì rí ẹni tó rí òkú, ẹnu ṣáá ló ń yún wọn.

Nígbà tó yá, àbúrò bàbá mi, ẹni tó wá di olórí ilé, pe gbogbo wa jọ sórí òkè. Ó ní òkú bàbá mi kò tíì parí, nítorí ọmọkùnrin àgbà ilé ló máa ń ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn, a kò sì lè máa dúró títí ayé de ẹni tí a kò mọ̀ bóyá ó ń mí. Ní ilé wa, ẹni tó bá kú sí ìdálẹ̀ tí a kò rí òkú rẹ̀, ẹní ìsùn tó fi sílẹ̀ ni à ń sin. Wọ́n á fi aṣọ funfun wé ẹní náà, wọ́n á gbẹ́lẹ̀, wọ́n á sunkún, ó tán. Ẹni tí a bá ti sin ẹní rẹ̀ ti di òkú nìyẹn. Kódà bó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé lọ́la, kò ní ilé, kò ní oko, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ dá a lóhùn bó bá kí wa. Olórí ilé ní bí àwọn Kátólíìkì tó ń wá gbàdúrà ní ihò Màríà ní Arigbo lọ́dún náà bá ti ń padà sílé wọn, a ó sin ẹní ọmọkùnrin yìí.

Mo mọ ohun tó ń wá, tàbí kí n ní mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Oko bàbá wa ní Kpingni dára, olórí ilé sì bí ọmọkùnrin rẹpẹtẹ. Mo sọ ọ́ sí i lójú. Ó ní kí n lọ ta ọtí mi.

Ìyá mi kò sí níbẹ̀, orúnkún kò gbà á. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ tí mo sọ bó ṣe lọ fún un, ó fa ẹní náà jáde lábẹ́ àpótí aṣọ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ, ó dùbúlẹ̀ lé e lórí ní ọ̀sán gangan. Ó ní, "Wọn ò ní í sin ọmọ mi láàyè. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n wá gbé èmi pẹ̀lú rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, orí ẹní yẹn ló ń sùn.

Alájì kan wà ní ọjà Dassa nígbà náà, ọ̀kan lára àwọn Yorùbá tó ń ta aṣọ. Ìbàdàn ló ti máa ń ra ọjà, omi tútù ló sì máa ń wá mu lọ́dọ̀ wa. Ó mọ àbúrò mi láti kékeré. Ọjọ́ kan ló dé, kò tiẹ̀ tíì jókòó, ó ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mo rí ọmọ yín. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn òṣèré tó ń ṣeré nínú tẹlifíṣọ̀n n'Ìbàdàn, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Mo fi ojú mi yìí rí i ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tí mo ń bá ra aṣọ."

Ìyá mi di ọwọ́ Alájì mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ó ní kó bá òun wá a lọ. Alájì wá a lóòótọ́, Ọlọ́run á san án fún un. Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ ní àwọn òṣèré kò gbébẹ̀, pé bí wọ́n bá ti ṣeré tán ni wọ́n ń lọ láti ìlú dé ìlú. Alájì wá fi iṣẹ́ sílẹ̀ pé bàbá rẹ̀ ti kú, pé ìyá rẹ̀ ń wá a, kó wá sílé. Nígbà tó tún lọ ra ọjà, ó yà níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà ní òun ti jẹ́ iṣẹ́ náà fún un, létí ara rẹ̀. A retí, retí. Kò wá. Èmi àti ìyá mi jọ ṣépè fún ẹ̀ṣọ́ yẹn dáadáa. A ní òpùrọ́ ni, pé kò jẹ́ iṣẹ́ kankan, pé ó kàn fẹ́ kí Alájì fi òun lọ́rùn sílẹ̀ ni.

Mo tún gun òkè lọ. Mo ní kí olórí ilé jọ̀wọ́ dá ìsìnkú dúró, Alájì ti rí i. Ó ní, "Alájì ń ta aṣọ. Bó bá ní aṣọ kan kì í ṣá, ṣé o máa ń gbà á gbọ́? Bí èmi bá fi ojú ara mi rí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní í fọwọ́ kan ẹní rẹ̀." Mo ní, "Bàbá, ṣé ọ̀rọ̀ yín nìyẹn?" Ó ní ọ̀rọ̀ òun nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ṣe dé ilé wa nìyẹn o, ilẹ̀ wa kò tiẹ̀ tíì ní tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ rárá.

Alájì kìlọ̀ fún wa. Ó ní, "Ẹ lọ sí Àjàṣẹ́. Àwọn ará ibẹ̀ ń wo Nàìjíríà láti inú yàrá wọn. Irú èyí tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún ni kí ẹ rà. Ẹ má sì san owó láìjẹ́ pé ẹ rí i kó ń ṣiṣẹ́ níwájú yín." Ọ̀rọ̀ yẹn yé èmi. Bóyá ó yé ọkọ mi, n kò lè sọ.

A lọ sí Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Obìnrin kan tó ń ta abọ́ tánganran ní tẹlifíṣọ̀n kan tó fẹ́ tà. Kékeré ni, irin ni ara rẹ̀, ó ti họ, ọ̀kan nínú àwọn ohun tí wọ́n fi ń yí i ti já, ìdérí ìgò ló fi dí i. Ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́! Mo jókòó síwájú rẹ̀, ọkùnrin kan dìde nínú rẹ̀, ó fi Yorùbá kí mi kú alẹ́, mo sì dá a lóhùn kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, ó ti tán. Èyí ni."

Ọkọ mi wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọkọ mi: èèyàn dáadáa ni, kò nà mí rí. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe sójà Faransé, ó ti dé Marseille, ohunkóhun tó bá sì ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wá ti dára lójú rẹ̀ ná kó tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Kí ni a ó sọ fún àwọn oníbàárà wa? Pé inú garawa ni a ti ń wo tẹlifíṣọ̀n?" Mo ní kì í ṣe àwọn oníbàárà ló sọnù. Ó ní kí n fara balẹ̀.

Ó fà mí dé Kútọnu, sílé Faransé kan tó ń padà sí ìlú rẹ̀ tó sì ń ta ẹrù. Tẹlifíṣọ̀n tiẹ̀ wà níbẹ̀. Háà! Àga ọba ni ẹ bá pè é. Igi dídán ni gbogbo ara rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó ní ilẹ̀kùn méjì níwájú pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn náà, ó tì í, ó tún ṣí i. Mo fi ìwọ̀nba Faransé tí mo gbọ́ bi onílé pé, "Missié, ṣé ẹ̀yin náà máa ń wò ó níbí?" Ó gbé èjìká méjèèjì sókè, ó ní, "Madamu, ó ń gba gbogbo rẹ̀. Ní Paris, gbogbo rẹ̀ ló ń gbà." Ọkọ mi yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé o gbọ́? Gbogbo rẹ̀." Mo ní, "Paris ló wí. Ṣé Paris ni ọmọ ìyá mi wà?"

Ta ló dá mi lóhùn? Wọ́n ti ń fi ẹní wé e láti gbé e sọ́kọ̀. Láti Kútọnu dé Bohicon, n kò bá a sọ ọ̀rọ̀ kan. Láti Bohicon dé Dassa, mo sọ gbogbo èyí tí mo ti kó jọ, dẹ́rẹ́bà pàápàá ní kí n mí díẹ̀.

A gbé e sínú ilé ọtí. Sátidé dé, ilé kún, ìyá mi wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí Máàsì, ó jókòó síwájú pátápátá. Ọkọ mi ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì bí àlùfáà tó fẹ́ ṣí ibi mímọ́, ó tan iná sí i. Ó ń hó yaa bí epo gbígbóná, ojú rẹ̀ funfun, àwọn nǹkan wínníwínní sì ń jó lójú rẹ̀ bí ìgbà tí èlùbọ́ ń fò lórí ọlọ. A wò ó títí ojú fi ń ta wá. Ìyá mi ní, "Àwọn wo nìyí?" Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, Ìyá." Mo wọ yàrá lọ, mo fi ìrọ̀rí bo ẹnu, mo kígbe.

Àwọn òkè wa ló dí i lọ́nà, ohun tí ọkọ mi sọ nìyẹn. Ó gbé irin antẹ́nì gun àpáta ẹ̀yìn ilé. Àwọn àbúrò rẹ̀ tò láti orí àpáta dé ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ń fi ariwo ránṣẹ́ síra wọn. "Ó ti dé?" "Kò tíì dé!" "Yí i sí ọwọ́ ọ̀tún!" "Ọ̀tún ta ni?" Gbogbo èrò ọkọ̀ tó ń lọ sí Parakou lọ́jọ́ náà ló dúró wò wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀sẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ bọ̀. Àwọn èrò Arigbo ti ń dé, orin wọn ń kọjá níwájú ilé, ọjà tà wìtìwìtì, inú mi kò sì dùn rárá. Bí mo bá ti rí wọn ni mo ń rò ó pé bí wọ́n bá ti ń padà, ó parí.

Alájì ló ní ibi tó ga jù ni kí a gbé e lọ. Ibi tó ga jù tí ilé wà ni agbo ilé bàbá mi, lọ́dọ̀ olórí ilé gan-an. Mo rò pé yóò lé wa. Kò lé wa. Ó ní, "Ẹ gbé e wá. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lẹ́yìn mi pé mo sin ẹni tó wà láàyè." Sátidé tí àwọn èrò Arigbo ń di ẹrù wọn ni a gbé pósí onílẹ̀kùn méjì yẹn gun òkè, gúrúùpù tẹ̀ lé e, antẹ́nì tẹ̀ lé e. Ó wá ku ìyá mi. Orúnkún kò gbà. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó kẹ́yìn sí i, ó ní, "Ìyá, ẹ gun ẹ̀yìn mi." Ìyá mi ní, "Háà, kí àna máa pọ̀n mí? Ojú kò ní í tì ọ́ ni?" Ó ní, "Ojú ti ń tì mí láti ọjọ́ tí mo ti ra nǹkan yìí, Ìyá. Ẹ jọ̀ọ́." Ó pọ̀n ọ́n dé orí òkè. Láàárín ọ̀nà, mo rí i tí òógùn bo ọrùn rẹ̀, mo sì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Bohicon.

Ìyá mi gbé ẹní náà dání. Kò gbà kó kù sílé.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ọkọ mi yí gbogbo ohun tó ṣeé yí. Ó ń hó, ó ń hó. Lẹ́ẹ̀kan náà ni nǹkan kan ń yí lọ sókè nínú rẹ̀, orí èèyàn, ẹsẹ̀ èèyàn, orí tún dé. Ọkọ mi lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dúró! Gbogbo agbo ilé pariwo. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan sá jáde.

Funfun ni àwọn èèyàn inú rẹ̀. Ojú wọn funfun báláú, ọwọ́ wọn funfun, irun orí wọn funfun, ihò ojú wọn sì ń tàn. Aṣọ wọn ló dúdú. Wọ́n ń la ẹnu, ohùn kò jáde, híhó yẹn nìkan. Alájì ní, "Ẹgbẹ́ wọn nìyí! Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣeré yìí!" Ṣùgbọ́n olórí ilé dìde, ó kọjú sí ìyá mi. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀yin náà ti rí i. Ibi tí ọmọ yín wà nìyẹn. Àwọn òkú nìyẹn."

Ẹ wo bí inú ṣe bí mi! Gbogbo owó wa, gbogbo ìyà wa, ẹ̀rọ Faransé yìí sọ àwọn alààyè di òkú lójú ẹni tó fẹ́ sin wọ́n. Mo kígbe pé, "Bàbá, kì í ṣe òkú! Nẹgatífù ni! Fíìmù tí onífótò máa ń gbé sókè wo lójú oòrùn kó tó tẹ fótò, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ṣe máa ń rí nínú rẹ̀? Ẹ̀rọ yìí ni kò bá tiwọn mu. Irú tiwọn ni mo ní ká rà!" Ọkọ mi kò wo ojú mi. Olórí ilé ní, "Ó dáa. Èwo wá ni tiwa nínú wọn?"

Mo sún mọ́ ọn. Gbogbo wọn jọra. Mo ń wò, omi bo ojú mi, mo ń nù ún, mo tún ń wò. Mo wo ẹnu ọ̀nà, mo rí ṣọ́bìrì tí wọ́n ti fi ti ògiri.

Nígbà náà ni ọkùnrin kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ kan nínú eré náà. Ó dúró ń gbọ́ ohun tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ. Bó ṣe ń gbọ́ ọ, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti orúnkún ọ̀tún, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan bí darandaran. Ara ìyá mi le lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Olórí ilé ló sọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ àpótí náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó ní, "Gbé ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀!" Bó ṣe máa ń pariwo mọ́ ọn nìyẹn nígbà tó wà ní kékeré. Òun àti bàbá mi ti nà án títí nítorí ìdúró yẹn, pé ẹsẹ̀ kan ni ọ̀lẹ fi ń dúró. Ọkùnrin inú àpótí rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí wa pẹ̀lú ojú funfun rẹ̀, kò sì gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀.

Olórí ilé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ń sunkún, mo fi Ọlọ́run búra. Ó ní, "Ọmọ yìí ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ẹ gbé ṣọ́bìrì yẹn kúrò níbẹ̀." Nígbà náà ni mo mọ̀ pé kì í ṣe oko Kpingni nìkan ló wà lọ́kàn rẹ̀, pé mo ti máa ń yára bú èèyàn jù.

Àwòrán náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ó yí títí ó fi di èlùbọ́. Kò sí ẹni tó bínú. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ Alájì, wọ́n ń lu ọkọ mi léjìká pé ó ra ohun gidi. Ohun gidi! Mo jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi, mo ní, "Ìyá, ó wà láàyè! Ẹ fi ojú yín rí i! Kò sẹ́ni tó máa sin ín mọ́!" Ó mi orí. Ó ní, "Mo rí i. Ó ti sanra." Ó béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi bóyá ẹni tó wà nínú rẹ̀ náà ń rí wa. Ọkọ mi ní rárá, Ìyá, àwa nìkan là ń rí i.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ìyá mi gun ẹ̀yìn rẹ̀, a ń sọ̀ kalẹ̀. Èmi ni mo ń rìn lẹ́yìn wọn, mo ń sọ̀rọ̀ lọ ràì, mo ń sọ ohun tí a ó sè bó bá dé àti yàrá tí a ó fún un. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé títì kí n tó kíyè sí i pé ọwọ́ ìyá mi ṣófo. Mo ní, "Ìyá, ẹní rẹ̀ dà? Ẹ gbàgbé ẹní sórí òkè. Ẹ jẹ́ kí n sáré lọ mú un wá."

Ó ní kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé èjìká ọkọ mi, kò wo ẹ̀yìn.

Ó ní, "A jẹ́ pé ẹ̀ṣọ́ Ìbàdàn yẹn ò purọ́. Ó jẹ́ iṣẹ́ wa fún un."